Èèpo Orúwo Tí Màmá Mi Sá Sóòrùn

Bí ọkọ̀ bá ti yà wọ Ìgbàrà-Odò, òórùn kòkó tí wọ́n sá sójúde ni n ó kọ́kọ́ gbọ́, ó kan díẹ̀, ó sì dùn díẹ̀. Lọ́dún tí mò ń kàwé gboyè kejì nínú kẹ́místrì, mo wa gbòǹgbò orúwo lóko wa, mo bó èèpo rẹ̀ títí ọwọ́ mi fi pọ́n bí ẹni tó po gààrí elépo. Àwọn àgbà ń fi orúwo wo ibà. Èmi fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan wà nínú rẹ̀ tó lè pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Mo tẹ́ ẹ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí oòrùn kò dé, mo ní kí màmá mi bá mi mójú tó o, mo sì padà sí yunifásítì.

Nígbà tí màmá mi fi èèpo náà ránṣẹ́, mo lọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́ sínú ọtí líle, mo sì da omi rẹ̀ gba inú ọ̀pá gíláàsì tí mo rọ ìyẹ̀fun funfun kún, kí àwọn èròjà rẹ̀ lè yà sọ́tọ̀. Àwọ̀ tó jáde ṣá gan-an. A fi dán sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wò nínú abọ́, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ọ̀gá mi tó ń darí iṣẹ́ ìwádìí náà, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí n fi orúwo sílẹ̀, kí n wá igi mìíràn. Odidi ọdún kan ló fẹ́ wọmi yẹn. Mo sunkún, mo wọkọ̀, ó dilé.

Lójúde ni mo ti rí tapólì tí màmá mi fi ń sá kòkó, àbàwọ́n aláwọ̀ ìyeyè gbòòrò wà láàárín rẹ̀. Mo béèrè ohun tó fà á.

“Èèpo orúwo rẹ ti fẹ́ bu nínú ulé,” màmá mi wí. “Mo bá ọ sá a sóòrùn ọjọ́ mẹ́ta. Àbí uṣẹ́ ọ̀hún bàjẹ́ ni?”

Inú kọ́kọ́ bí mi, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbà mí. Ẹni tó ti ń sá kòkó láti kékeré, kí ló tún fẹ́ fi ohun tó ń bu ṣe? Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé ohun tí n kò sọ fún un tẹ́lẹ̀, pé oòrùn lè ba ohun tí mò ń wá jẹ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A wa òmíràn, ó sì ń yí i nínú yàrá láràárọ̀ bí ó ṣe ń yí kòkó, títí ó fi gbẹ láìbu, láìrí oòrùn.

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọ̀ tó jáde dán yòò, ọ̀kan nínú àwọn èròjà náà sì pa sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá mi wò ó pẹ́, ó ní kí n máa bá a lọ. Kò tíì di oògùn o. Láti inú abọ́ dé ara èèyàn jìnnà. Ṣùgbọ́n inú mi dùn títí dòní. Orúwo kọ́ ló fẹ́ já mi kulẹ̀, màmá mi náà kọ́. Èmi tí mo kàwé ni mo rò pé iṣẹ́ mi kò lè yé ẹni tó bí mi.