Ata tí Bàbá fi sẹ́ran ajá

Ajá kọ ẹran lọ́wọ́ mi lónìí!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń gun ọ̀kadà lọ sí Ìrè, tí mò ń kọ́ ajá bàbá àgbẹ̀ kan. Mi ò kì í nà án. Tí mo bá ní kó jókòó, tó sì jókòó, màá fún un lẹ́ran díẹ̀. Àmọ́ lónìí, bó ṣe rí ẹran ló sá sẹ́yìn. Kí n má purọ́, mo ti ń rò ó pé bóyá mi ò tiẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí.

Ni Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín. "Mo fi ata gígún sẹ́ran rẹ̀ lánàá kó lè rorò. Ta ní í kẹ́ ajá tó fẹ́ ṣọ́ ulé?"

"Háà, Bàbá! Ata yín ló jẹ́ kó máa bẹ̀rù ọwọ́ wa."

"Tíṣà ajá! Ó kù kí ìwọ náà máa gbó."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo jẹ ìdajì ẹran náà lójú ajá. Ó pẹ́ kó tó sún mọ́ mi, kó tó gba ìyókù.

Kò tíì jókòó o. Ṣùgbọ́n mo ń padà lọ lọ́la.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fún ajá ní ata, ṣé olè ló ń lé ni, àbí ẹ̀yin gan-an ló ń sá fún?