Okay Kan Ṣoṣo Tó Kù Lẹ́nu Bàbá

Òórùn oatmeal ló máa ń gbé mi padà sí ilé kan ní Ellenwood nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ títọ́jú bàbá aláwọ̀dúdú kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu wọn, ó ku ẹyọ kan: okay. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo bi wọ́n bóyá wọ́n á jẹ oatmeal, wọ́n ní okay. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sè é fún wọn, tí mo ń fọ́nnu fún ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù pé bàbá tèmi rọrùn, kò sí ohun tí wọ́n kọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n da abọ́ náà sí mi lára ni mo tó mọ̀ pé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Wọ́n dà á tán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní okay.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi tí wọ́n bí sínú èdè tí ohùn ń yí ìtumọ̀ padà, ó yẹ kí n ti tètè mọ̀, àmọ́ mo rò pé Gẹ̀ẹ́sì ò nílò irú etí bẹ́ẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí. Bí okay bá já kúkúrú, ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Bí ohùn bá gòkè níparí, kí n ṣí kọ́tìnnì ni. Nídìí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á fà á gùn bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn bá ń borí, èmi náà á sì bá wọn fà á. Èyí tí mi ò fẹ́ràn láti gbọ́ ni èyí tó wúwo, tí wọ́n máa ń wo ilẹ̀ sọ. Rárá ni ìyẹn, rárá ẹni tí kò lókun ìjà mọ́.

Òun ni mo gbọ́ lọ́jọ́ tí ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní College Park dé, tó gbé ìwé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kalẹ̀. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Iṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú ti tán an lókun ni. Ó ní, "Daddy, ẹ máa lọ síbẹ̀, àbí?" Bàbá wolẹ̀, wọ́n ní okay. Ó mú báírò láti fọwọ́ síwèé náà.

Ilé iṣẹ́ tó rán mi ti kìlọ̀ pé ká má dá sọ́rọ̀ ẹbí, iṣẹ́ yẹn ló sì ń bọ́ mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ wojú wọn, kí ẹ tún bi wọ́n."

Ó ní, "Wọ́n ti dáhùn. Ìwọ náà ṣáà gbọ́."

"Mo gbọ́ ma. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn."

Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó tún béèrè. Bàbá wò ó lójú, wọ́n panu dé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù fún wọn láyé, wọ́n kọ̀, wọn ò sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ti bàbá ò bá wọn dákẹ́. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó sì ká ìwé rẹ̀.

Inú ilé yẹn ni bàbá wà títí wọ́n fi sùn lọ́dún tó kọjá. Inú mi dùn pé mo sọ̀rọ̀, ojú sì ń tì mí. Ìyá tèmi wà nílé ní Ọ̀yọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń bi wọ́n lórí fóònù bóyá ara le, tí wọ́n ń ní "dáadáa ni," tí mo sì ń pa fóònù kí n lè tètè débi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá, mo pè wọ́n, wọ́n tún ní dáadáa ni. Mo ní, "Màámi, mi ò kánjú lónìí. Báwo gan-an ni ara yín?"

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wá ibì kan jókòó sí."