Ìlẹ̀kẹ̀ Tiwa Nínú Rósárì Alààyè

Ilé ìwé àwọn Àgùdà tí ọmọbìnrin mi lọ ní Port Harcourt kì í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá ti wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, wọn a fi bébà aláwọ̀ ewé kan sínú báàgì ọmọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ohun tí ìdílé gbọ́dọ̀ ṣe títí di Kérésì a sì wà nínú rẹ̀: ọjọ́ ìpàdé òbí, ọjọ́ àṣà ìbílẹ̀, ọjọ́ ìkórè, ọjọ́ tí àwọn bàbá yóò bá àwọn olùkọ́ gbá bọ́ọ̀lù, ọjọ́ tí ọmọ yóò múra bí ẹni mímọ́. Fún ọdún mẹ́ta ni mi ò mọ̀ pé bébà kan wà. Ìyàwó mi ló ń gbà á, òun ló ń kà á. Èmi, kìkì ohun tí mo ń gbọ́ ni pé, "Ẹ wọ ṣòkòtò gidi, a ń lọ síbì kan." Màá sì wọ ṣòkòtò gidi.

Ìyàwó mi kú ní àkókò ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án dé, bébà aláwọ̀ ewé bọ́ sí ọwọ́ mi.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí nígbà náà, iṣẹ́ mi kò sì ju kí n máa fèsì ìwé lọ. Ìwé tó bá dé orí tábìlì mi gbọ́dọ̀ gba èsì, ẹ̀dà èsì náà á sì wọ fáìlì. Nítorí náà mo fèsì sí bébà ilé ìwé. Mo kọ ìpínrọ̀ mẹ́fà, mo sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Wọ́n ti ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú iṣu méjì àti ayọ̀ wá sí ọjọ́ ìkórè. Nínú ìpínrọ̀ kẹrin, mo béèrè àlàyé síwájú sí i lórí ayọ̀ náà, ìwọ̀n tí wọ́n ń retí àti ẹni tí a ó fà á lé lọ́wọ́. Sístà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé fi bíró pupa dá mi lóhùn sí ẹ̀yìn ìwé mi. Ó ní, "Mú iṣu wá. Èyí tó kù, Ọlọ́run yóò ṣe é."

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ka ìlà kan lórí bébà náà mọ́ òmíràn, tí mo fi wọ ṣòkòtò péńpé àti bàtà bọ́ọ̀lù lọ sí ọjọ́ tí àwọn ìyá ń kọ́ ara wọn ní ọbẹ̀ sísè. Obìnrin bí ogún wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé mi. Ọ̀kan gbé abọ́ ìṣáwùrú lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ, mo sì jókòó, mo ń gé ìdí ìṣáwùrú fún wákàtí kan gbáko, fèrè rẹfirí ṣì wà lọ́rùn mi.

Ìyẹn ò dùn mí. Inú ti oṣù Kẹwàá ni ọ̀rọ̀ wà.

Oṣù Kẹwàá ni oṣù rósárì lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà, ilé ìwé náà sì ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Wọ́n á fi ẹfun ya róbótó-róbótó sí orí pápá títí yóò fi dà bí rósárì ńlá kan, tòun ti àgbélébùú rẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ni ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ọmọ á dúró nínú róbótó tirẹ̀ pẹ̀lú bàbá tàbí ìyá rẹ̀, òbí náà á gba apá kìn-ín-ní àdúrà tí wọ́n fi ń kí Màríà ní èdè ilé rẹ̀, gbogbo pápá á sì dáhùn apá kejì. Bí ó bá ti parí, makirofóònù á kọjá sí ìlẹ̀kẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bébà aláwọ̀ ewé sọ ọ́ kedere pé ìdílé tí kò bá ní ẹni tí yóò gba àdúrà, olùkọ́ kan yóò dúró fún wọn.

Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Pidgin ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, bíi ti gbogbo ọmọ tí a bí sí ìlú yẹn. Mo ń dín ẹyin lọ́wọ́ nígbà tó wá dúró tì mí.

"Daddy, we be number thirty-one."

"Nọ́ńbà kí ni?"

"Bead. Na you go talk am. For Yoruba, like Mummy."

"Ọmọ mi, Onítẹ̀bọmi ni mí."

"Aunty for class say she go stand for us. I tell am say no. I say my daddy dey."

Ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo kíláàsì. Mo pa iná. Láti ìgbà tí a ti sìnkú ìyá rẹ̀, ọmọ yìí kò tíì béèrè ohun kan lọ́wọ́ mi. Aṣọ tí mo bá nà sí i ni ó ń wọ̀, ibi tí mo bá ní a ń lọ ni ó ń bá mi lọ. Èyí ni àkọ́kọ́. Bí ẹlòmíràn bá dúró nínú róbótó yẹn, ó máa dà bí ẹni pé a kéde fún gbogbo ilé ìwé pé kò sí ẹnì kankan nílé wa mọ́.

Mo ní, "Ó dára. Mo máa gbà á."

Ẹni tó bá ronú pé ó yẹ kí n ti mọ àdúrà náà kò mọ̀ mí. Ọdún mẹ́wàá ni ìyàwó mi fi gbà á ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ní yàrá kejì, èmi sì ń gbọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ òjò: mo mọ̀ pé ó ń rọ̀, n kò ka ẹ̀kán rẹ̀. Mo wá tọ ìyàwó sójà kan lọ ní àdúgbò Elelenwo. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó bí ìbejì tó ń lọ sí ilé ìwé kan náà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin pẹ̀lú ìyàwó mi. Ó jẹ́ kí n ka àdúrà náà lẹ́ẹ̀kan láti inú ìwé rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Àdúrà là ń gbà o, ẹ kì í ṣe akọ̀wé kóòtù tó ń ka ẹ̀sùn sí olè létí."

"Báwo ni kí n ṣe é?"

"Ẹ jẹ́ kí ohùn rọ̀. Ìyá lẹ ń bá sọ̀rọ̀."

"Ìyá ta ni?"

"Háà! Ẹ̀yin Onítẹ̀bọmi, ẹ ó pa mí láàyè! Ìyá Jésù ni!"

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi lọ. Ní ọjọ́ kejì àwọn ìbejì rẹ̀ ti há àdúrà náà sórí, wọ́n sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ṣe olùkọ́ mi. Bí mo bá ṣì í, àwọn méjèèjì á pariwo pọ̀ pé, "Uncle no sabi!" Nígbà míì mo máa ń rántí ìyá mi nílé, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, mo sì pinnu pé kò sí ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbọ́dọ̀ kọjá odò Ọya dé etí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbà á tán láìṣì í. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba kì í fọkàn tán orí, bébà ló ń fọkàn tán. Mo da àdúrà náà kọ pẹ̀lú yíǹkì, mo ká a sí àpò àyà mi.

Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ rósárì, gbogbo wa ti dúró sínú róbótó wa, bí ẹni tó wà nínú àwo, nígbà tí òjò Port Harcourt dé. Òjò ibẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ìlẹ̀kẹ̀ sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dá. Nígbà tí a padà sórí pápá, kò sí ẹfun kankan mọ́. Oníkálukú dúró síbi tó rántí, rósárì wa sì dà bí ejò tó gbé ewúrẹ́ mì. Sístà gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Nọ́ńbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ kúrò lórí àgbélébùú! Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́bàá òpó gọ́ọ̀lù, ẹ kì í ṣe ara rósárì, ẹ padà wá!"

Ó pẹ́, ṣùgbọ́n a bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ọgbọ̀n, tó ṣáájú wa, jẹ́ ọkùnrin ẹ̀yà Ikwerre kan tó sanra, tó ń gbé ní àdúgbò Eneka. Ó gba tirẹ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀, ó sì ti makirofóònù sí mi lọ́wọ́. Mo yọ bébà mi. Ó ti di omi aláwọ̀ búlúù. Ọmọ mi gbé ojú sókè wò mí.

Mo ní, "Mo kí yín."

Èyí tó kù wọlẹ̀ lọ. Mo wá a lórí, mo wá a lọ́kàn, n kò rí i. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀ ìkíni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáadáa tó lè kí ìyá ọlọ́mọ ní gbólóhùn kan kí ó wá dúró bí igi. Ẹnu mi bá tirẹ̀ lọ.

Mo ní, "Mo kí yín, mà. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ kú òjò. Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Mo ti ń tẹ̀ lọ sílẹ̀ kí n tó rántí pé koríko tutù, mo wá fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀. "Ẹ kú ewu ọmọ, mà. Ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ẹ kú ìrìn àjò Íjíbítì, ọ̀nà jìn. Ẹ kú ìrọ́jú ohun tí wọ́n fojú ọmọ yín rí."

Nígbà tí mo dé orí ìrọ́jú, mo dìde nàró. Láti Lẹ́ńtì ni wọ́n ti ń kí èmi náà bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa kí ìyá ọmọ yìí. Ẹ ní ara rẹ̀ le. Ẹ ní kò fi ilé ìwé ṣeré." Nígbà náà ni mo dákẹ́.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá mo ti parí. Lẹ́yìn náà Sístà gbé ohùn apá kejì sókè, pápá bá a gbè é ní èdè bíi mẹ́wàá, wọ́n sì ṣe àmín tó mi ilé. Makirofóònù kọjá. Nọ́ńbà kejìlélọ́gbọ̀n, tí kò fẹ́ kí ìjọsìn tirẹ̀ dín, fi ọwọ́ kan ilẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀. Láti orí wa títí dé ìparí rósárì, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tí kò tẹrí ba fọwọ́ kan koríko.

Nínú àwọn àgbà, ìyàwó sójà ni ẹnì kan ṣoṣo tí ohun tí mo sọ yé. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti fi gèlè nu ojú.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ kí Ìyá Olúwa kú ewu ọmọ!"

"Ṣé kò bímọ ni?"

"Ó bímọ! Ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn!"

"Kí n wá má kí i nítorí pé mo pẹ́ dé?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di apá mi mú, ó sì ṣe díẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀. Sístà bá wa níbẹ̀. Ó ní Yorùbá mi gùn ju ti ìyàwó mi lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Sístà, ẹ̀ka èdè ìlú tèmi àti tirẹ̀ ni kò dọ́gba. Ọlọ́run dárí èyí náà jì mí.

Ẹni tí n kò lè purọ́ fún jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀. A ti ń sún mọ́ àdúgbò Woji kí ó tó lanu.

"Daddy, no be am be dat."

"Mo mọ̀. Mo gbàgbé rẹ̀."

"Mummy own no dey reach like dat."

"Mo mọ̀. Má bínú."

Ó ń wo ìta. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe lọ bá olùkọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kí n ní ó jọ̀wọ́, lọ́dún tó ń bọ̀ kí ó bá wa dúró.

"You greet Mummy," ó wí.

"Mo kí i."

"For microphone."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó yíjú sí mi. "Next year, I go talk the prayer, because I sabi am. You go do greeting. But make you no touch ground again, people dey look."

Ohun tí a ṣe nìyẹn títí ó fi jáde níbẹ̀: òun á gba àdúrà láìṣì kan, èmi á kí. Lọ́dọọdún ni ìròyìn tí mo ní kí Ìyá Olúwa bá wa jẹ́ fún ìyá rẹ̀ ń pọ̀ sí i, eyín tó yọ, ipò tó mú ní ìṣirò, kẹ̀kẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n gùn. Nígbà tó di ọdún kẹta, Sístà kọ̀wé sí mi, ó ní ìlẹ̀kẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú kan mọ́. Mo fèsì ní ìpínrọ̀ mẹ́rin, mo bẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì.