Òkúta Orí Sàréè Ìyá Mi

Ó ju ogún ọdún lọ tí bàbá mi fi tẹ́ táìsì ní Kétu àti agbègbè rẹ̀. Bí ẹ bá wọ ilé kan ní Ìkòsí nígbà náà, tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú tí ẹsẹ̀ yín kò kọ ibì kankan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Lọ́jọ́ tí àìsàn gbé ìyá mi dè, iṣẹ́ ni Bàbá wà ní Ìṣẹ́rí Olówóòrà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù alágbèéká ni. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní, "Mò ń bọ̀. Jẹ́ kí n parí ìlà yìí, mo ti po sìmẹ́ńtì." Kí wọ́n tó dé, ohùn ti lọ lẹ́nu ìyá mi. Ìyá mi kò rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

A sin ìyá mi síwájú ilé, lábẹ́ fèrèsé pálọ̀. Bàbá ní kò sẹ́ni tó máa bo sàréè ìyàwó òun bí kò ṣe òun fúnra òun. Èmi ni mo lọ ra òkúta. Kì í ṣe táìsì lásán, òkúta mábù gidi ni, aláwọ̀ ewé tó ní iṣan funfun. Ọkùnrin tó tà á fún mi yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ó ń dán. Wọ́n ti fi àwọ̀n tín-ínrín àti gọ́ọ̀mù líle bò ó kó má bàa fọ́.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ sọ fún ẹni tó máa tẹ́ ẹ o. Ẹ̀yìn yìí ò gba sìmẹ́ńtì, kò síbi tó máa rá wọ̀. Gọ́ọ̀mù alágolo méjì tí wọ́n máa ń pò pọ̀ yẹn nìkan ló máa dì í mú. Ẹ má sì rẹ ẹ́ sómi!"

Nígbà tí mo délé, Bàbá ti pọnmi kún báàfù. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn: wọ́n á rẹ táìsì mọ́jú kó lè mumi yó, kó má bàa fa omi inú sìmẹ́ńtì gbẹ. Ọgbọ́n yẹn dára fún táìsì alámọ̀.

Mo ní, "Bàámi, ẹni tó tà á ní gọ́ọ̀mù ni…"

"Gọ́ọ̀mù? Ṣé bàtà ni mo fẹ́ lẹ̀ ni? Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ táìsì?"

Mo panu mọ́. Kí n má parọ́, inú ń bí mi sí wọn. Ìlà kan tí wọ́n dúró parí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo sọ fún ara mi pé kí wọ́n máa ṣe é lọ.

Iṣẹ́ náà dára lójú. Kò pé oṣù méjì, bí mo ṣe ń gbálẹ̀ níwájú ilé, ọ̀kan nínú òkúta náà mì lábẹ́ ìgbálẹ̀. Ọwọ́ kan ni Bàbá fi gbé e sókè. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n fọ̀. Gbogbo sìmẹ́ńtì dúró sílẹ̀. Wọ́n tún un tẹ́. Ó tún ṣí. Lọ́sẹ̀ kejì, òmíràn ṣí tẹ̀ lé e.

Bàbá mi, tó mọ sìmẹ́ńtì ju bí mo ṣe mọ orúkọ mi lọ, kò fura sí sìmẹ́ńtì. Ohun tí wọ́n gbà ni pé ìyá mi kọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn. Láràárọ̀, kí wọ́n tó jáde, wọ́n á jókòó tì í lórí àpótí. Mo ń gbọ́ wọn láti pálọ̀.

"Ìyá ọmọ mi, má bínú. Ó yẹ kí n fi ìlà yẹn sílẹ̀. Ṣebí ìwọ kì í di èèyàn sínú. Jẹ́ kí n bò ọ́."

Lákọ̀ọ́kọ́, ó dùn mọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Mo ní ó tọ́ sí wọn. Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, ìtìjú yẹn sì dí mi lẹ́nu ju ìbínú lọ. Ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ kan táìsì ẹnikẹ́ni mọ́ ni mo kúnlẹ̀, tí mo sọ gbogbo ohun tí ẹni tó ta òkúta sọ fún mi.

Wọn kò bá mi wí. Wọ́n mú òkúta kan, wọ́n fi èékánná họ ẹ̀yìn rẹ̀. Èékánná yọ̀. Wọ́n ní, "Lóòótọ́, sìmẹ́ńtì kò lè mú un."

A ra gọ́ọ̀mù náà. Wọ́n ha sìmẹ́ńtì àtijọ́ kúrò, wọ́n nu ẹ̀yìn òkúta gbẹ, wọ́n po agolo méjèèjì pọ̀, wọ́n sì tẹ́ gbogbo rẹ̀ lọ́tun. Lọ́jọ́ kejì, mo fi gbogbo agbára mi ti ọ̀kan, kò mira. Mo yíjú sí Bàbá, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dárí jì mí.

Wọ́n ní, "Kì í ṣe èmi. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ ìyá rẹ, gbèsè tí mo jẹ ẹ́ ni, mi ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n máa fẹ̀sùn kàn án pé ó di mí sínú, o sì mọ̀ pé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni kó o kúnlẹ̀ fún."

Mo yí orúnkún mi sí òkúta náà. Bàbá dúró tì mí títí mo fi bẹ ìyá mi tán.