Oòrùn Tó Ní Súìṣì

Agogo méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, lọ́jọ́ Ajé kan, ni akàn jẹ èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ọmọ tòmátì mi. Àkókò náà dá mi lójú, nítorí pé rédíò bàbá onílé ń ké lọ́wọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, sójà kan sì ń sọ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà pé ká padà sí oko, pé ilẹ̀ kì í tan ni jẹ. Mo dúró ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú pákò lẹ́nu, mo ń wo akàn náà bó ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ sínú ihò rẹ̀, ewé kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Inú mi bàjẹ́. Kì í ṣe ìbànújẹ́ lásán o. Ó ń ṣe mí bíi pé akàn yẹn mọ̀ mí, pé ó mọ̀ pé ìmọ̀ nípa ewéko ni mo kà ní yunifásítì, ó sì fẹ́ kí n mọ̀ pé òun ti yẹ ìwé ẹ̀rí mi wò, òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ewé kan fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni mí. Iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ló gbé mi wá sí Àgbádárìgì, nígbà tí mo sì fi parí rẹ̀, ìjọba ti ní kí iléeṣẹ́ ọba kankan má gba ènìyàn mọ́. Bàbá mi ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀ nílé, kí n wá máa bójú tó ibi tí òun ti ń la pákó. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó wá fún mi ní gbèdéke: “Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí o ò ní nǹkan kan nínú ilẹ̀, kó ẹrù ẹ máa bọ̀.” Mi ò kórìíra pákó. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí mo bá jókòó ti pákó náà lọ́jọ́ kan, mi ò ní dìde mọ́. Ara rẹ̀ náà ni wọn yóò ti gé èyí tí wọ́n máa fi kan bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó mi, kò sì sẹ́ni tó máa bi mí bóyá mo ti fẹ́ ọkọ.

Bàbá onílé ló ní ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé títí dé etí ọ̀sà. Ẹ̀gùn pọ́ńbélé ni. Láti ìgbà tí àwọn sójà ti gbàjọba, kì í bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ilé; àṣẹ ló ń pa. “Gírájúéètì,” bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, “èmi kì í fi ilẹ̀ fún ìwé. Ewé ni mo fẹ́ rí. Jẹ́ kí n rí tòmátì tó ga dé orúnkún mi kí òjò tó dé, ilẹ̀ yẹn di tìẹ lọ́dún yìí. Mo ti pàṣẹ.”

Níta, akàn ò gbà. Ohun tí akàn bá jẹ kù, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Ohun tí ewúrẹ́ bá jẹ kù, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti òkun á jó o gbẹ. Mo pinnu láti kó oko wọ yàrá. Ṣùgbọ́n ògiri aládùúgbò ni fèrèsé kan ṣoṣo tí mo ní dojú kọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà á wọlé kò tó èyí tí ènìyàn lè fi so okùn bàtà. Mo wá rántí ilé kan tí wọ́n ti ń fi ẹja sínú yìnyín tẹ́lẹ̀, tó ti kógbá sílé nígbà tí ohun èlò ẹ̀rọ di ọ̀wọ́n. Ẹni tó ni ín fún mi ní àwọn iná funfun gbọọrọ tó wà nínú àjà ibẹ̀. Ó ní kí n máa kó wọn lọ, pé òun ò fẹ́ rí ohunkóhun tó ń rán òun létí ìmọ́lẹ̀.

Mo dojú bẹ́ẹ̀dì onírin mi délẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nàró. Mo to àwọn ike tí mo tún gbin tòmátì sí sáàárín, mo so iná mọ́ òkè ẹsẹ̀ irin náà. Tòmátì gba bẹ́ẹ̀dì, èmi gba ẹní. Mo rò ó pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ọrùn tó ń dùn mí láràárọ̀ ò rò ó bẹ́ẹ̀.

Wáyà ló kù. Àwọn wáyà ilé ẹja yẹn ti jẹ iyọ̀ títí wọ́n fi hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Mo gé wọn, mo so wọ́n pọ̀, mo wá ń wá téèpù dúdú tí wọ́n fi ń wé ojú ibi tí wáyà ti pàdé. Kò sí ní gbogbo ọjà.

“Ọ̀dà ńkọ́?” bàbá onílé bi mí. Ọ̀dà tí wọ́n ń yọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ló ń sọ.

“Bàbá, iná kì í ṣe omi.”

“Ta ló ní omi ni? Ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí ọ̀sà wọ ọkọ̀ mi láti Gbẹrẹfú lódìkejì ọ̀sà dé ìhín, ṣé iná tí ò lẹ́sẹ̀ ló máa wá gbà á kọjá?”

Ìyàwó rẹ̀ ní òótọ́ ni. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ kan, ọmọ Ọ̀yọ́ tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tèmi, ní òótọ́ pọ́ńbélé ni. Èmi náà mi orí. Mo fẹ́ kó yé yín pé kì í ṣe pé mi ò mọ̀ pé ọ̀dà kì í ṣe téèpù. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ọrùn ẹni tó ń wá ilẹ̀ kì í le. A yọ́ ọ̀dà, a fi rẹ́ gbogbo ojú wáyà, ó ń dán bí ẹja àrọ̀.

Nígbà tí iná tàn, gbogbo ilé wá wò ó. Yàrá mi mọ́lẹ̀ gbòò bí ọ̀sán gangan. Akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Àbúrò mi, àwọn kan ń wá iná tí wọ́n á fi kàwé, ìwọ fi tìẹ fún tòmátì. Ó dáa kó gba oyè ju èyí tí o gbà lọ o.”

Ìyá onílé ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìṣirò ló ń ṣe. Igi ìdáná tó fi ń yan ẹja ti wọ́n, ó sì ti rí i pé àpótí kékeré tó wà lórí iná náà máa ń gbóná. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, edé rẹ̀ ti wà nínú àtẹ lórí àwọn àpótí náà, ẹja pẹlẹbẹ ń rọ̀ dirodiro lára ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Kò sì sí bí mo ṣe lè kọ̀ fún aya onílẹ̀. Tòmátì nísàlẹ̀, ẹja lókè: ata àti òróró ló kù kí oko mi di ọbẹ̀.

Ọ̀dà tí oòrùn bá pa ní etíkun máa ń yọ́. Gbogbo ọmọ etí omi ló mọ̀, kò kàn sẹ́ni tó rántí nínú wa pé yàrá mi ti ní oòrùn. Ọ̀dà yọ́, ó kán sórí ewé, wáyà tó wà lábẹ́ rẹ̀ yọrí, ó sì fara kan irin. Ìyá onílé tinú odò dé pẹ̀lú ọwọ́ tútù, ó na ọwọ́ sí ẹja.

Igbe kan ṣoṣo ló ké. Nígbà tí mo fi dé ibẹ̀, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, edé kún orí rẹ̀.

“Ó gbá mi!” ó ní. “Bẹ́ẹ̀dì rẹ gbá mi létí!”

Mo pa iná, mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń fọwọ́ ra apá rẹ̀, mo ń bi í ṣé ó rí mi, ṣé ó gbọ́ mi. Ó ní òun rí mi, òun ò kàn fẹ́ rí mi ni. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ní kò sóhun tó ṣe é. Èmi ni mi ò lè jẹun. Mo ń rò ó pé ilẹ̀ tí mò ń wá, ìyá yẹn ni wọn ì bá gbẹ́ ẹ fún.

Bàbá onílé pàṣẹ kí iná má tàn mọ́. Ó sì gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, bí àwọn sójà ṣe máa ń ṣe. Òun ni alága, akọ̀wé ni akọ̀wé. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi àgbọn nígbà tí ewé àwọn tòmátì mi ń funfun, tí ọrùn wọn ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Nígbà tó yá, alága dìde.

“Ìgbìmọ̀ rí i pé ọ̀dà ò jẹ̀bi,” ó ní. “Ọmọlúàbí ni ọ̀dà láti ọjọ́ tó ti wà. Bẹ́ẹ̀dì ló jẹ̀bi. Ó rí àgbàlagbà, ó gbọ́wọ́ sókè sí i. A lé e kúrò nílé.”

Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì mi jù sí ẹ̀yìn àgbàlá. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń ṣe mí. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe náà ni wọ́n ṣe, nítorí irin ò yẹ níbẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ṣe é ń fún mi ní ẹ̀fọ́rí.

“Èmi tí wọ́n nà,” ìyá onílé ní, “ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan. Tí iná yẹn bá máa tàn mọ́ nínú ilé yìí, alága ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.”

Bàbá wú ikọ́. “Alága kì í fọwọ́ kan nǹkan. Alága máa ń fọwọ́ sí i ni.”

“Èò,” ìyá ní, rárá nìyẹn lédè Ẹ̀gùn.

Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìpìlẹ̀. Mo yọ fíúsì lójú ògiri, mo fi í sápò mi, kí aláṣẹ kankan má baà tan iná láti fi ràn mí lọ́wọ́. Mo kó wáyà oníyọ̀ dà nù. Akọ̀wé bá mi wá tuntun, olókùn mẹ́ta nínú, ní ìlú Ìwòrò tó wà nítòsí, mo sì jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn láti ojú súìṣì dé ojú iná rẹ̀ láìsí oríkèé láàárín. Mo fi ọparun rọ́pò irin. Mo fi okùn àwọ̀n gbé iná ga ju ibi tí ọwọ́ ẹlẹ́ja lè dé, mo jẹ́ kí wáyà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ inú iná, kí omi tó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀. Súìṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó jìnnà sí omi, òfin mi sì ni pé mi ò gbọ́dọ̀ bomi rin ohunkóhun tí mi ò bá tíì pa iná.

Okùn kẹta nínú wáyà ló gbà mí lákòókò jù. Ó yẹ kó ti ara irin iná kọ̀ọ̀kan lọ bá ọ̀pá irin kan tí a kàn mọ́lẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí iná bá ṣìnà, ilẹ̀ ni yóò gbà lọ, kì í ṣe ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n yanrìn Àgbádárìgì gbẹ bíi gàárì lójú òkè, iná ò sì ráyè nínú gàárì gbígbẹ. Ibi tí ihò akàn wà ni mo lọ, nítorí akàn kì í gbẹ́lé síbi tí kò ti ní rí omi. Mo kan ọ̀pá náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò ọ̀tá mi títí ó fi dé yanrìn tútù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oníṣẹ́ iná kan wá láti Ìwòrò, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọn gbogbo rẹ̀ wò, ó ní ó dáa.

Lọ́jọ́ ìdánwò, alága wọ bàtà òjò onírọ́bà, ó dé fìlà òtútù. Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìdérí irin iná náà, mi ò sì lè ṣàlàyé bí ọkàn mi ṣe ń lù kìkì, àfi kí n sọ pé mo gbọ́ ọ nínú eyín mi. Bàbá wá na ìka kan, ó fà á padà, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wá fọwọ́ kàn án.

“Ṣé iná wà nínú ẹ̀?”

“Ó wà, bàbá.”

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

“Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ gan-an nìyẹn, bàbá.”

Ó wò mí bíi pé mo fi nǹkan dù ú.

Tòmátì jí. Wọ́n ń ga sí i. Bàbá onílé fẹ́ràn iná náà débi pé ó gbé àga rẹ̀ wọ yàrá mi, ibẹ̀ ló ti ń gba àlejò nírọ̀lẹ́, ó ń sọ fún wọn pé òun ni òun kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Mo fara dà á. Mo ń wo ewé, mo ń wo orúnkún rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá. Mo sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. “Bàbá, òjò ti dé. Tòmátì ti kọjá orúnkún yín. Mo wá gba ilẹ̀ mi.”

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. “Ilẹ̀ kẹ̀? Gírájúéètì, o ti rí oko tí akàn ò lè wọ̀, tí oòrùn rẹ̀ ní súìṣì, o wá fẹ́ padà síta bí ará àtijọ́? Ìlọsíwájú la wà yìí. Yàrá méjì ṣófo lẹ́yìn, wá gbà wọ́n kún un. Ilẹ̀ yẹn, àgbọn ni màá gbìn sí i. Mo ti pàṣẹ.”

Ohun tí mo ṣe dáadáa ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni tàbí kí n gba ọpẹ́. Tòmátì ti ń fi orí kan iná, wọ́n ti ń yọ òdòdó nínú ike tó ti kéré jù fún wọn, bàbá mi ní Èkìtì náà sì ní ojú tó fi ń wo sánmà. Ìyá onílé yọ́ wá bá mi láàárọ̀ yìí, ó ní òun lè fún mi láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí òun ti ń yan ẹja, bí mo bá gbé iná kan kọ́ sórí ẹja òun. Ẹnìkan ní àyè wà láàárín igi àgbọn ní Gbẹrẹfú, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni tòmátì máa gbà débẹ̀, akàn ibẹ̀ sì pọ̀ ju tibí lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá onílẹ̀ lò rí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá bàbá yín jiyàn rí tẹ́ ẹ ṣì ń jẹun nílé rẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n gba àyè ẹlẹ́ja ni, kí n wọkọ̀ lọ Gbẹrẹfú ni, àbí kí n gbé ike tòmátì sórí ẹsẹ̀ nínú mọ́tò Èkìtì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì. Òjò tún ti ṣú báyìí, bẹ́ẹ̀ ni bàbá onílé ń pè mí pé kí n wá tanná, àlejò ti dé.