A Kì Í Ka Ọmọ Fọ́lọ́mọ

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé oríkunkun ló jẹ́ kí n fi ọdún kan ṣòfò ní pọ́lì. Kí wọ́n máa wí. Ẹnu wọn ni, èmi kọ́ ni mo rán wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Nígbà tó kàn mí láti ṣe iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́, èyí tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní àítì, mi ò lọ sí ọ́fíìsì kankan. Inú yàrá kan ṣoṣo tí mo háyà ní Mafoluku, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú Èkó, ni mo jókòó sí, tí mò ń ṣe ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọdé lórí kọ̀ǹpútà àlòkù. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó gbà wá fún àítì á fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, èmi á to àwòrán sí i, màá sì fi ohùn ara mi kà á. Ohùn yẹn gan-an ni wàhálà. Bí mo bá ti lanu báyìí, ọkọ̀ òfuurufú á gba orí òrùlé wa kọjá, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́. Màá da aṣọ borí kí ariwo má baà wọlé, màá tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, òógùn á bò mí. Mi ò ráhùn. Lẹ́tà tí ọ̀gá máa kọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, pé mo ṣiṣẹ́ mi dáadáa, ni mò ń lé. Láìsí i, ilé ìwé ò ní jẹ́ kí n jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde.

Ọ̀gá yìí, ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ ìlú òyìnbó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ń gbé. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní ká máa pe òun lórúkọ. Èmi kọ̀, sà ni mò ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó fi ẹ̀kọ́ ìṣirò ránṣẹ́, fún àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Ojú ìwé kan níbẹ̀ ní kí ọmọ dìde lọ bá ìyá rẹ̀, kó nàka sí àwọn ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì kà wọ́n sókè.

Ọmọ ìkókó nìkan ni kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ìyá mi ti gbá mi lẹ́nu rí nítorí ẹ̀. Mo ní kí n kọ̀wé sí ọ̀gá, lẹ́tà yẹn wá sọ sí mi lọ́kàn, mo bá pa ẹnu mi mọ́. Mo da aṣọ borí, mo fi ohùn ẹ̀rín kà á: "Ó yá, ka àwọn ọmọ ìyá rẹ. Mélòó ni wọ́n?"

Mi ò kì í fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ọmọ kan nínú ilé wa ti kọ́kọ́ wò ó. Ẹni tó mọ́ mi lára jù ni ọmọ obìnrin Ìyá Ìbejì tí yàrá wọn kọjú sí tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ibà ti gbé èkejì rẹ̀ lọ ní ọdún méjì ṣáájú, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ kú. Wọ́n sọ fún un pé ó rìnrìn àjò.

Nígbà tí ohùn mi ní kó dìde, ó dìde. Ìyá rẹ̀, tó ń gbálẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń lọ aṣọ iṣẹ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé ọmọ náà. Ó nàka sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó ti ìyá wọn, ó ní, "Ọ̀kan." Ó nàka sí àyà ara rẹ̀, ó ní, "Méjì." Ó wá dúró. Ó wojú ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé kí n ka ẹni tó rìnrìn àjò mọ́ wa?"

Ìyá Ìbejì gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó sì jókòó sórí sìmẹ́ńtì. Ohùn mi ṣì ń sọ nínú kọ̀ǹpútà pé, "O káre, tún un kà." Mò ń wá ibi tí màá tẹ̀ kó dákẹ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè bẹ̀ ẹ́.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo yọ ojú ìwé yẹn kúrò. Kẹ́ẹ̀gì omi ni mo ní kí àwọn ọmọ máa kà dípò, mo sì fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ọ̀gá pe gbogbo àwa tó ń kọ́ṣẹ́ sí ìpàdé orí kọ̀ǹpútà.

Ó ní, "Ta ló ní kí o yọ ọ́?"

Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ará àtijọ́ nìyẹn, ìṣirò ni àwa ń kọ́ ọmọ.

Mo ní, "Sà, ẹ ò tíì rí ìyá tí wọ́n ka ọmọ fún lójú yín ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní bí òun ò bá rí ojú ìwé yẹn níbi tó wà tẹ́lẹ̀ títí ọjọ́ Ẹtì, kí n gbàgbé lẹ́tà. Oṣù márùn-ún ààbọ̀ ni mo ti lò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wò mí bíi pé wọn ò mọ̀ mí rí.

"Mi ò ní dá a padà, sà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, kẹ́ẹ̀gì ni mo tún fi ránṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti yọ mí. Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Gbogbo àítì yẹn ni mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ níbòmíràn, àwọn ẹgbẹ́ mi jáde, wọ́n fi mí sílẹ̀. Ṣé mo kábàámọ̀? Láéláé. Tí wọ́n bá tún gbé e fún mi lónìí, màá tún yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ò lè pamọ́ nílé wa. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n yọ mí yẹn, Ìyá Ìbejì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé.

"Wọ́n ní lẹ́tà ẹ ò jáde mọ́. Ṣé nítorí tèmi ni?"

"Rárá, mà. Ẹ̀bi tèmi ni. Mo mọ̀ pé a kì í kà wọ́n, mo sì fi ẹnu mi kà á."

Ó wo ẹ̀yìn bóyá ọmọ ń bọ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mẹ́ta ni mo bí," ni ó wí.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."