Oórì Àbúrò Bàbá Mi

Ní àárín oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, ìyá bàbá mi máa ń wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, yóò sì ní kí n sin òun lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ ìrántí àwọn sójà tó kú sójú ogun ni. Mo kórìíra ọjọ́ náà. Àwọn ọ̀gá a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ, oòrùn a máa jó wa lórí, ẹyẹlé tí wọ́n bá tú sílẹ̀ a sì kọ̀ jálẹ̀ láti fò.

Àbúrò bàbá mi kan ló kú nínú ogun Bíáfrà. Nílé wa, bí ẹnì kan bá kú sí ìdálẹ̀ tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ dé, wọn a gé irun àti èékánná rẹ̀ wálé, ìyẹn la ó sin. Tirẹ̀ kò dé. Ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ fún wa. Ìyá àgbà kò gbà kí àlùfáà ṣe ìsìn òkú kankan, ó ní kí ni wọ́n fẹ́ gbé sínú ilẹ̀?

Bí ètò bá ti parí, á lọ síbi òpó símẹ́ǹtì tí wọ́n ń gbé òdòdó sí nídìí, á fọwọ́ pa á lára, á máa sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. N kò bi í léèrè rí.

Lọ́dún kan láàárín àwọn ọdún 1980, a ti ibẹ̀ dé, a ń jẹ ìkọ́kọrẹ́. Bàbá mi, olùkọ́ tí kì í lè pa ìmọ̀ mọ́nú, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe é níbòmíràn. Lọ́dọ̀ àwọn ará Ọsirélíà, ìdájí ni wọ́n ń péjọ. Ní ìlú ọba, wọ́n ń fi òdòdó pupa oníbébà sáyà, gbogbo ìlú a sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ó ní, “Wọ́n tiẹ̀ gbé òkú sójà kan tẹ́nì kan ò mọ orúkọ ẹ̀ wálé, wọ́n sin ín sáàárín àwọn ọba, kí ìyá tí kò rí òkú ọmọ tiẹ̀ lè ríbi wá.”

Ìyá àgbà ní, “Wọ́n ṣeun. Tiwa wá ńkọ́? Apá ibo ni wọ́n tẹ́ ọmọ mi sí lábẹ́ òpó yẹn?”

Bàbá mi kọ́kọ́ wò mí. “Ìyá, kò sẹ́ni lábẹ́ ẹ̀. Ìrántí lásán ni.”

“Kò sẹ́ni?”

“Kò sẹ́ni, Ìyá.”

“Ta ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí?”

Ìyá àgbà kò jẹ oúnjẹ náà tán. Nígbà tí oṣù kìn-ín-ní tún dé, kò wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Rédíò ń gbé fèrè àwọn sójà sáfẹ́fẹ́, ó ní kí n pa á.

Àánú rẹ̀ ń ṣe gbogbo wa, àmọ́ àánú náà ni a ń ṣe, a ò ṣe nǹkan mìíràn. A rò pé yóò gbàgbé. Kí àwọn ọdún 1980 náà tó parí, ó kú.

Lọ́jọ́ tí bíríkìlà ń rẹ́ ojú oórì rẹ̀ níwájú ilé wa, bàbá mi ní kó kọ orúkọ àbúrò òun sábẹ́ ti ìyá wọn. Àlùfáà gbàdúrà fún àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ náà kò pẹ́ rárá. Inú bí mi débi pé n kò lè sunkún. À bá ti ṣe oórì ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún un nígbà tó ṣì lè gbé àpótí ìjókòó síta, kó jókòó tì í.